Ìjọ Oneida: Báwo làwọn tó fagi lé ìgbéyàwó ṣe di oníṣòwò ṣíbí?

Ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà ló ní ṣíbí tí wọ́n tẹ orúkọ Oneida sí lẹ́yìn. Ìjọ ni àwọn tó dá òwò náà sílẹ̀, ní ìpínlẹ̀ New York láti 1848 sí 1881: àpò owó kan, ilé kan, ẹnikẹ́ni kò sì ní ọkọ tàbí aya tirẹ̀ nìkan.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ni wọ́n sì gbà gbọ́?

John Humphrey Noyes ni. Ìpínlẹ̀ Vermont ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1811. Ó kàwé ní Dartmouth, ó fi ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀kọ́ ìwàásù ní Yale. Lọ́dún 1834 ó kéde pé òun kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn mọ́, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìwàásù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń kọ́ni ni pé Jésù ti padà wá tipẹ́, ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Rẹ̀, nígbà tí Jerúsálẹ́mù wó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìjọba ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀ láyé nìyẹn. Ó wá mú Mátíù 22:30, tó ní kò sí gbígbéyàwó lẹ́yìn àjíǹde, ó sì so ó mọ́ ọn: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní ọkọ tàbí aya tirẹ̀ nìkan mọ́. Ìlú Putney ní Vermont ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ìjọba mú un fún ẹ̀sùn àgbèrè lọ́dún 1847, wọ́n gba onídùúró rẹ̀, ó sì sá lọ sí Oneida.

Ṣé ìkóbìnrinjọ lásán kọ́ nìyẹn?

Rárá o. Olóbìnrin púpọ̀ ní ìyàwó tirẹ̀, ẹlòmíì ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ní Oneida, gbogbo àgbà ọkùnrin ni ọkọ gbogbo àgbà obìnrin. Ọkùnrin tó bá fẹ́ obìnrin kan kò ní lọ bá a fúnra rẹ̀. Alárinà, tó sábà máa ń jẹ́ àgbà obìnrin, ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, obìnrin sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọkàn méjì so mọ́ra wọn nìkan. Bí àwọn méjì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé ọ̀kan lọ sí ẹ̀ka wọn ní Wallingford, ní Connecticut. Ọkùnrin kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí àtọ̀ jáde. Noyes rí i pé Harriet ìyàwó rẹ̀ bímọ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ọdún mẹ́fà, mẹ́rin nínú wọn kò sì yè. Ibẹ̀ ni òfin náà ti wá. Ó ṣiṣẹ́ débi pé ọmọ díẹ̀ péré ni wọ́n bí ní ogún ọdún àkọ́kọ́.

Báwo ni wọn kò ṣe tú ká láàárín ọdún díẹ̀?

Ohun méjì ni. Èkíní ni ìbáwí ojúkojú. Ẹni tí ó kàn yóò jókòó, kò ní fèsì, àwọn yòókù yóò máa ka àléébù àti ìwà rere rẹ̀ sí i létí. Wọ́n tilẹ̀ fi ń wo àìsàn. Ó ń tú ìjà palẹ̀ kó tó di ńlá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jókòó ti Noyes bẹ́ẹ̀, àbùkù rẹ̀ sì hàn nígbà tó yá.

Èkejì ni owó. Iṣẹ́ oko kò bọ́ wọn. Sewell Newhouse, tó mọ bí a ṣe ń fi iná àti omi mú irin tàkúté le láìjẹ́ kó ṣẹ́, dara pọ̀ mọ́ wọn, ó sì fi àṣírí náà hàn wọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1860, tàkúté tí wọ́n ń ṣe lọ́dún kan kọjá 200,000, láti orí kékeré fún eku inú omi títí dé Nọ́ńbà 6 fún béárì. Wọ́n tún ń ṣe òwú ṣẹ́dà àti èso inú agolo, ṣíbí sì wọlé ní 1877. Àwọn tó ń wàásù pé kò sí ọ̀gá kò sí ẹrú wá di ẹni tó ń gba alágbàṣe ju 200 lọ.

Kí ló wó o?

Ọ̀pọ̀ ń di ẹ̀bi ru àwọn àlùfáà. Òótọ́ ni pé Ọ̀jọ̀gbọ́n John Mears ti Hamilton College kó wọn jọ sí Syracuse ní oṣù kejì 1879 láti dojú kọ ìjọ náà. Lójú tiwa, ilé ti sán kí ọ̀tá tó yọ.

Láti 1869 ni Noyes ti ń yan ẹni tí yóò bá ta ni bímọ. Ọmọ 58 ni wọ́n bí, ó kéré tán mẹ́sàn-án jẹ́ tirẹ̀. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ọmọ tiwọn àti bàbá ọmọ náà, ohun tí òfin wọn kọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọ fi owó rán lọ sí Yale padà wá láìgba ẹ̀kọ́ náà gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Theodore, ọmọ Noyes, tó jẹ́ dókítà. Bàbá rẹ̀ fi í ṣe olórí ní 1877. Kò pé ọdún kan tí ó fi gba ipò padà. Lọ́yà James Towner, ọ̀kan nínú ọmọ ìjọ, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bi Noyes bàbá pé ta ló fún un nìkan láṣẹ lórí àwọn ọmọdébìnrin. Ọ̀rọ̀ yìí ló léwu jù, torí òfin ìpínlẹ̀ lè fi ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kàn án. Ní òru kan ní oṣù kẹfà 1879 ó sá lọ sí Kánádà. Oṣù kẹjọ ni ó kọ̀wé pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ìgbéyàwó àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ṣe ìgbéyàwó kíákíá lẹ́yìn náà.

Ṣé ẹni tó yìnbọn fún Ààrẹ Garfield gbé ibẹ̀ rí?

Charles Guiteau gbé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1860. Ó ti kúrò tipẹ́ kó tó yìnbọn ní 1881. Àwọn ará ibẹ̀ pàápàá kò fẹ́ràn rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe pín dúkìá?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1881 ni wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di ilé-iṣẹ́ onípìn-ín tí iye rẹ̀ jẹ́ $600,000. Ẹni tó mú owó wá gba ìpín tó tó ìdajì iye tó mú wá, a sì tún fi ìpín kún un fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó ti lò níbẹ̀ lẹ́yìn ọmọ ọdún 16. Ọmọdé ní owó ìtọ́jú, àti $200 nígbà tó bá pé ọdún 16. Ìṣirò yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n dé ilé ẹjọ́ lórí ogún. Pierrepont, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Noyes, ló wá ti tàkúté sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì gbájú mọ́ ṣíbí. Ilé-iṣẹ́ Oneida ṣe é ní Sherrill títí di 2005. Ilé ńlá tí ìjọ náà kọ́ ní 1862 ṣì dúró, ó ti di ibi àkójọ ohun ìtàn, àwọn èèyàn sì ń háyà yàrá níbẹ̀.