Títa tókìn àti ẹ̀bùn ìpolówó kírípítò

Títa tókìn ni ọ̀nà tí àwọn tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lórí bulọ́kíṣéènì, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń tọ́jú, fi ń kó owó jọ lọ́wọ́ ará ìlú. Wọ́n á ṣe tókìn tuntun, ìyẹn àmì orí kọ̀ǹpútà tí a lè rà tàbí tà, wọ́n á sì tà á nígbà tí iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ tàbí tó ṣì kéré. Ẹ̀bùn ìpolówó ni tókìn tí wọ́n ń pín láìgba owó fún ẹni tó bá wọn polongo, tó lo ohun èlò wọn, tàbí tó mú ẹlòmíràn wá. Ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ ní Bẹ̀nẹ̀, ìròyìn méjèèjì máa ń gba orí WhatsApp àti Telegram wọlé, nígbà mìíràn láti ọ̀dọ̀ ẹbí tó wà ní òdìkejì ẹnubodè ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Mastercoin ló kọ́kọ́ ta tókìn báyìí, ní 2013. Ní 2014, Ethereum, tó jẹ́ bulọ́kíṣéènì kan, ta ether, ìyẹn owó orí rẹ̀, tó lé ní mílíọ̀nù 60, ó sì gba nǹkan bíi bitcoin 31,000, tó tó dọ́là mílíọ̀nù 18 nígbà náà. Ohun tó wá tú ọjà náà sílẹ̀ ni ERC-20, ìlànà ṣíṣe tókìn lórí Ethereum, tí wọ́n dá lábàá ní 2015: láti ìgbà náà, ẹni tó mọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè dá tókìn tirẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní 2017, títà yìí, tí wọ́n ń pè ní ICO, gba ìgboro. Ṣáínà fòfin dè é ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Telegram kó dọ́là bílíọ̀nù 1.7 jọ ní 2018 fún tókìn tí kò fi jáde; àwọn aláṣẹ ọjà ìdókòwò Amẹ́ríkà gbé e lọ sílé ẹjọ́, ní 2020 ó sì gbà láti dá ohun tó lé ní bílíọ̀nù 1.2 padà.

Tókìn kì í ṣe ìpín nínú ilé iṣẹ́, àfi tí ìwé rẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń fi wé èsúsú, àmọ́ wọn kò jọra. Nínú èsúsú, a mọ ẹni tó kó lóṣù tó kọjá, a mọ ẹni tó kàn, iye tí oníkálukú dá ni yóò sì kó. Nínú tókìn, ọwọ́ ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn ni èrè ẹni tó kọ́kọ́ rà wà, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ibi tó ń rú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lójú jù ni iye owó. Ká sọ pé wọ́n ṣe tókìn bílíọ̀nù 1, tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sefà 5. Lórí ìwé, gbogbo rẹ̀ di sefà bílíọ̀nù 5, nọ́ńbà yìí sì ni ìpolówó máa ń gbé síwájú. Ó sì lè jẹ́ tókìn mílíọ̀nù 50 péré ló wà lọ́wọ́ ará ìlú. Ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn olùdásílẹ̀, àwọn olówó tó tètè rà á ní ẹ̀dínwó, àti nínú àpò ẹ̀bùn. Wọ́n máa ń tì í pa fún oṣù tàbí ọdún, kí wọ́n tó máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí àkókò bá tó tí wọ́n tú u, tí olùrà kò pọ̀ sí i, iye rẹ̀ á já wálẹ̀. Àtẹ ìpín àti ọjọ́ ìtúsílẹ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wá nínú ìwé àlàyé wọn, ṣáájú àwòrán àti ìlérí.

Inú àpò kan náà ni ẹ̀bùn ti ń jáde. Oríṣi kan ni airdrop, tókìn tí wọ́n kàn fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́: ní oṣù kẹsàn-án 2020, Uniswap, ọjà tí wọ́n ti ń pààrọ̀ tókìn, fún àdírẹ́sì àpamọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan tó ti lò ó rí ní UNI 400, tókìn tirẹ̀, tó ju dọ́là 1,000 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Irú èyí ṣọ̀wọ́n, òun gan-an sì ni gbogbo olùpolówó ń tọ́ka sí. Oríṣi kejì ni bounty, níbi tí èèyàn ti ń kọ ọ̀rọ̀, tó ń túmọ̀ èdè tàbí tó ń ṣe fídíò. Iye kan pàtó ni wọ́n sábà máa ń yà sọ́tọ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, nítorí náà bí èèyàn bá ṣe ń pọ̀ ni ìpín ń kéré. Ẹni tó fi fóònù márùn-ún forúkọ sílẹ̀ lè rí i pé wọ́n ti yọ òun kúrò pátápátá.

Àwọn gbájú-ẹ̀ náà ń pín ẹ̀bùn. Wọ́n á ní kéèyàn kọ́kọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, tàbí kó kọ ọ̀rọ̀ àṣírí 12 tàbí 24 tó ṣí àpamọ́wọ́ tókìn rẹ̀; ẹni tó bá kọ ọ́ ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kó fọwọ́ sí àdéhùn kan kó tó lè gba ẹ̀bùn, àdéhùn náà á sì fún wọn láyè láti kó ohun tó wà níbẹ̀. Bitconnect, iṣẹ́ kírípítò kan tó ṣèlérí èlé ńlá, wó ní oṣù kìn-ín-ní 2018. Ní Bẹ̀nẹ̀, ilé iṣẹ́ ICC Services tó wó ní 2010 kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kírípítò, ṣùgbọ́n owó ẹni tuntun náà ni wọ́n fi ń san èlé ẹni àtijọ́.

BCEAO, báńkì àpapọ̀ agbègbè wa, nìkan ló ní àṣẹ àtitẹ owó sefà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná an, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn. Tókìn kì í ṣe owó tó dandan kí ọlọ́jà gbà. Àjọ AMF-UMOA ló ń ṣàkóso gbígba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú ní agbègbè yìí. Ẹni tó fẹ́ sọ tókìn di sefà sábà máa ń tà á fún ẹlòmíràn, tí yóò sanwó sórí MoMo tàbí Moov Money. Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé tókìn, yúrò ni sefà sì so mọ́, ní 655.957 sí yúrò 1, nítorí náà iye tó bọ́ sọ́wọ́ lè yí padà bí tókìn kò tiẹ̀ mira. Owó iṣẹ́ tún wà níbẹ̀: nígbà tí èrò bá pọ̀ lórí Ethereum, owó tí wọ́n ń gbà láti fi ẹ̀bùn kékeré ránṣẹ́ lè ju ẹ̀bùn náà fúnra rẹ̀ lọ.