Tẹ́ńpìlì Ló Bí Ààfin Olódi Òsákà

Arìnrìn-àjò tó bá dé Òsákà ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù, tó ń ya fọ́tò ààfin olódi tí ògiri rẹ̀ funfun, tí a fi ẹkùn aláwọ̀ wúrà ṣe ọ̀ṣọ́ sókè rẹ̀, kì í sábà mọ̀ pé orí ilẹ̀ tẹ́ńpìlì ni òun dúró sí. Toyotomi Hideyoshi, olórí ogun, ni gbogbo amọ̀nà ń dárúkọ, pé òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1583. Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n àárín ìtàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Lórí òkè gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní Uemachi ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ní ìhà gúúsù òkè yìí ni Ọmọ Ọba Shotoku ti dá tẹ́ńpìlì Shitennoji sílẹ̀ ní 593, nígbà tí ẹ̀sìn Búdà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Kòríà wọlé. Ìdílé àwọn kọ́lékọ́lé kan, Kongo Gumi, ń pìtàn pé ní 578 ni wọ́n ránṣẹ́ pe baba ńlá àwọn láti Baekje, ìjọba kan ní Kòríà, nítorí iṣẹ́ yìí. Títí di òní, bí a bá gba ìhà gúúsù wọ ọgbà náà, ẹnubodè, ilé gogoro alájà márùn-ún, gbọ̀ngàn Búdà àti ilé ẹ̀kọ́ tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Èrò tèmi ni pé iyì tí òkè náà ti ní fún nǹkan bí 900 ọdún wà lára ohun tó fa àlùfáà Rennyo wá sí ìpẹ̀kun rẹ̀ níhà àríwá, níbi tó kọ́ ilé àdúrà sí ní 1496.

Nínú lẹ́tà tí Rennyo kọ ní 1498 ni a ti kọ́kọ́ rí orúkọ Òsákà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ńlá. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn ń sá fún ọ̀kan lára àwọn àmì ìkọ̀wé tí wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí pé bí a bá tú u palẹ̀, ó dà bí ẹni ń wí pé “padà sí erùpẹ̀”. Wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ilé àdúrà Rennyo di tẹ́ńpìlì Ishiyama Honganji, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́lé yí i ká, wọ́n sì mọ odi sí i. Odi yẹn le débi pé olórí ogun Oda Nobunaga bá wọn jà láti 1570 sí 1580 kí olórí wọn, Kennyo, tó gbà láti jáde. Tẹ́ńpìlì jóná, Hideyoshi sì kọ́ ààfin lé ojú ibẹ̀.

Ìdílé Tokugawa, tó gba ìjọba lẹ́yìn Hideyoshi, pa ààfin náà run ní 1615, wọ́n tún un kọ́. Àrá sán pa ilé gogoro rẹ̀ ní 1665. Èyí tí à ń wò lónìí, kọnkéré ni, owó tí àwọn ará ìlú dá ni wọ́n fi kọ́ ọ parí ní 1931. Nínú ọgbà rẹ̀, kùkùté igi páìnì kan ṣì wà, èyí tí wọ́n ní Rennyo máa ń fi aṣọ àlùfáà rẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ àlejò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì bojú wò ó, wọ́n ń sáré lọ tò síbi ẹ̀rọ agbéniròkè.