Bí kóòtù Gacaca ṣe ṣiṣẹ́ ní Ruwáńdà lẹ́yìn ìpẹ̀yàrun

N'Íbàdàn, "a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi ń dá ẹjọ́ padà lọ́nà kóòtù Mápó, tí wọ́n á fi kó o lọ sílé Mọ́gàjí, olórí agbo ilé. Níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ tẹnu oníkálukú, ẹni tó jẹ̀bi á dọ̀bálẹ̀, ó parí. Ìjà ilẹ̀ tàbí ogún nìyẹn o. Ní ti Ruwáńdà, kóòtù tí wọ́n ń wá ni èyí tí apànìyàn àti ìyá ẹni tó pa yóò ti bọ̀, tí wọ́n á sì tún jọ máa gbé abúlé kan náà.

Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin títí di oṣù Keje ọdún 1994 ni àwọn kan nínú ẹ̀yà Hutu fi pa àwọn ẹ̀yà Tutsi nípakúpa, àti àwọn Hutu ẹgbẹ́ wọn tí kò fara mọ́ ọn. Iye tí wọ́n sábà ń dá ni 800,000. Ìjọba ibẹ̀ ní ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Àdá ni wọ́n fi pa ọ̀pọ̀ wọn, ọwọ́ aládùúgbò ni àdá náà sì wà. Nígbà tó yá, èèyàn tó lé ní 100,000 ló há sẹ́wọ̀n láìrí ẹni dá ẹjọ́ wọn, nítorí ọ̀pọ̀ adájọ́ ti kú tàbí kí wọ́n ti sá lọ. Kóòtù tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ sí Arusha ní Tàǹsáníà, àwọn ọ̀gá nínú ìpakúpa náà ló wà fún. Títí tó fi kógbá wọlé ní 2015, ẹni 93 ni wọ́n fẹ̀sùn kàn níbẹ̀.

Ni ìjọba bá gbé Gacaca dìde, ìjókòó tí àwọn àgbà abúlé ti fi ń parí ìjà látijọ́. Òfin rẹ̀ jáde ní 2001, iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ káàkiri ní 2005, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2012. Bíi 12,000 kóòtù ló jókòó, ẹjọ́ tí wọ́n dá sì sún mọ́ mílíọ̀nù méjì. Ará àdúgbò ló ń yan adájọ́ láàárín ara wọn. Kò sí owó oṣù, kò sí lọ́yà.

Ìta gbangba ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n á kọ́kọ́ mú ilé kọ̀ọ̀kan: ta ló ń gbé ibẹ̀ kí oṣù Kẹrin tó dé, ta ni wọ́n pa, màlúù mélòó ló lọ, páànù ta ni wọ́n ká lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín ẹ̀sùn. Àwọn tó ṣètò ìpakúpa ń lọ sí kóòtù ìjọba, àwọn tó pànìyàn ń dúró níwájú Gacaca, ẹni tó kó ẹrù nìkan yóò san án padà.

Ìjẹ́wọ́ ni gbogbo rẹ̀ so rọ̀ mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí" nìkan kò tó. Ẹni tó ń jẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó pa, ibi tó ti pa á, àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, àti ibi tí òkú wà. Ẹlòmíì á dìde, á ní inú ṣáláńgá ilé báyìí ni àwọn jù ú sí. Wọ́n á gbẹ́ ibẹ̀. Aṣọ tó kù lára egungun ni ìyá á fi dá ọmọ rẹ̀ mọ̀, á sì rí i sin bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn. Kò sí ìdọ̀bálẹ̀ tó lè dípò èyí. Ẹni tó jẹ́wọ́ dáadáa, wọ́n á dín ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù, ó sì lè fi iṣẹ́ ìlú ṣe apá kan rẹ̀, bíi kó máa la ọ̀nà tàbí kó máa kọ́ ilé.

Òfin ní kí ẹni tó ń wá ẹ̀dínkù tọrọ àforíjì ní gbangba, ṣùgbọ́n kò pa á láṣẹ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ pé kó dárí jì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkọ̀ kò rọrùn nígbà tí ojú gbogbo àdúgbò wà lára èèyàn.

Àwọn kan halẹ̀ mọ́ ẹlẹ́rìí, wọ́n tilẹ̀ pa nínú wọn. Ọ̀pọ̀ gbèsè ẹrù kò ṣeé san, torí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Èyí tó burú jù ni pé àwọn ọmọ ogun tó lé àwọn apànìyàn kúrò nílùú pa èèyàn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Gacaca kò gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n pa.

Ìjà ọjà Ṣáṣá n'Íbàdàn, láàárín Yorùbá àti Hausa ní oṣù Kejì 2021, kì í ṣe ìpẹ̀yàrun, kò sì yẹ ká fi wọ́n wéra. Síbẹ̀, ẹ̀mí lọ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù jóná, àwọn gómìnà wá, wọ́n sì ṣí ọjà padà kí oṣù náà tó parí. Iṣẹ́ kan ni ṣíṣí ọjà. Iṣẹ́ mìíràn ni kí wọ́n mú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n béèrè ohun tó bá a lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, níṣojú ẹni tó ṣe é.

Ní Ruwáńdà, àwọn tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gígùn fún ti ń jáde báyìí. Ọ̀pọ̀ wọn ń padà sí abúlé tí wọ́n ti ṣẹ̀, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1994.