Àríyànjiyàn ipò àgbà láàárín àwọn awakọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà

Àríyànjiyàn ipò àgbà láàárín àwọn awakọ̀ akẹ́rù ni awuyewuye tó máa ń wáyé láàárín àwọn tó ń wa tírélà fún ilé-iṣẹ́ kan náà, lórí ẹni tó ṣáájú ẹni nínú ìwé orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọn kì í wo iye ọdún tí awakọ̀ ti lò láyé. Ọjọ́ tó wọṣẹ́ ni wọ́n ń kà. Yorùbá tó dàgbà sínú agbo ilé yóò tètè lóye èyí, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ka àwọn obìnrin ilé: ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyàálé, kódà bí ẹni tó wọlé tẹ̀ lé e bá jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ẹni ọdún 25 tó wọṣẹ́ lóṣù Kẹta ló ṣáájú ẹni ọdún 50 tó wọṣẹ́ lóṣù Kẹrin, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì rí títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi kúrò níbẹ̀.

Ohun tí ipò àgbà ń ṣe fún awakọ̀

Ní ilé-iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà, ìwé orúkọ yìí máa ń wà lára ògiri ibùdó ọkọ̀, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Orúkọ ẹni tó pẹ́ jù ló wà lókè pátápátá, ọjọ́ tó wọṣẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lákòókò kan pàtó lọ́dún, ilé-iṣẹ́ á lẹ gbogbo ìrìn tó wà mọ́ pátákó: ibi tí ọkọ̀ ń lọ, aago tó máa gbéra, ọjọ́ tí awakọ̀ máa sinmi. Àwọn awakọ̀ ń pe èyí ní bíìdì. Ẹni àkọ́kọ́ á kọ orúkọ síwájú ìrìn tó wù ú, ẹni kejì á mú nínú èyí tó ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe sọ̀kalẹ̀ dé ìdí ìwé.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀. Ẹni tó wà lókè lè mú ìrìn tó ń gbéra lówùúrọ̀, tó sì ń dá a padà sílé kí àwọn ọmọ tó sùn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í ní ìrìn kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Fóònù ló ń dúró tì. Ó lè dún ní aago méjì òru, kí wọ́n ní kó wá gbé tírélà kan lọ sí ìlú tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ó sì lè má dún rárá fún ọjọ́ méjì, kó má sì rówó gbà. Ìwé yìí kan náà ni wọ́n fi ń yan ọ̀sẹ̀ ìsinmi, torí náà ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ kò lè retí láti wà nílé nígbà Kérésì. Bí ẹrù bá wá dínkù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ní kí èèyàn lọ jókòó sílé, nígbà tí iṣẹ́ bá sì padà, òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n wá.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ kan ṣoṣo fi lè dá ìjà sílẹ̀. Bí wọ́n bá gba awakọ̀ méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, àfi kí wọ́n wá ohun mìíràn tó máa yà wọ́n: níbòmíràn ọjọ́ ìbí, níbòmíràn kèké. Ẹni tí kèké náà kò bá mú lè máa tẹ̀ lé ẹnì kejì rẹ̀ fún 30 ọdún. Nínú àdéhùn ńlá tí Teamsters, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń ṣojú àwọn awakọ̀, ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ṣe, ohun díẹ̀ ló lè gba ipò náà lọ́wọ́ èèyàn: kí wọ́n lé e, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kó fẹ̀yìn tì, tàbí kó jókòó sílé láìsí iṣẹ́ ju ọdún márùn-ún lọ.

Ibi tí ètò náà ti wá

Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ fi ètò yìí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹgbẹ́ Teamsters, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1903 nígbà tí ẹṣin ṣì ń fa ẹrù, mú un wọ iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Níbi tí kò bá ti sí ìwé orúkọ, ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ ló ń pinnu ẹni tó máa jẹun lọ́jọ́ náà, ojúsàájú ò sì jìnnà sí irú agbára bẹ́ẹ̀. Ìwé orúkọ gba agbára náà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ní 1964, lábẹ́ Jimmy Hoffa tó jẹ́ ààrẹ rẹ̀, ẹgbẹ́ náà bá àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù fọwọ́ sí àdéhùn kan ṣoṣo tó kárí orílẹ̀-èdè, èyí tó kan awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ tó lé ní 400,000.

Nígbà tí ìwé orúkọ méjì bá di ọ̀kan

Ìjà tó máa ń le jù ni ti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ méjì bá dà pọ̀, tàbí tí wọ́n bá ti ibùdó kan pa tí wọ́n sì kó àwọn awakọ̀ rẹ̀ lọ bá àwọn mìíràn. Ọ̀nà méjì ló wà láti sọ ìwé méjì di ọ̀kan. Èkíní ni híhun: wọ́n á to gbogbo orúkọ ní ọjọ́ sí ọjọ́, láìwo ilé-iṣẹ́ tí kálukú ti wá. Èkejì ni kí wọ́n fi ìwé àwọn àlejò sí ìdí ti àwọn onílé, kí ẹni tó ti lo 20 ọdún níbi tó ti ń bọ̀ wá bọ́ sábẹ́ ẹni tí wọ́n gbà lánàá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé awakọ̀ 10 wà níhìn-ín, 10 wà lọ́hùn-ún, iṣẹ́ tó wà kò sì ju ti èèyàn 12 lọ. Bí wọ́n bá ṣe tò wọ́n ló máa sọ àwọn mẹ́jọ tó ń lọ sílé.

Ohun tí àdéhùn Teamsters sọ ni pé bí ilé-iṣẹ́ méjèèjì bá ṣì dúró dáadáa, kí wọ́n hun ìwé náà pọ̀; bí ọ̀kan bá ti wọ gbèsè tí kò lè jáde, ìdí ìwé ni àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń lọ. Wọ́n á hun àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́tọ̀, wọ́n á sì hun àwọn tó ti wà nílé lọ́tọ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí aṣojú ilé-iṣẹ́ àti ti ẹgbẹ́ pé lọ́gbọọgba nínú rẹ̀ ló ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kó ẹnikẹ́ni kúrò ní ibùdó rẹ̀.

Ẹjọ́ tó fẹsẹ̀ òfin múlẹ̀ lórí èyí bẹ̀rẹ̀ nílùú Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Ilé-iṣẹ́ Dealers Transport àti E & L Transport ló ń kó mọ́tò tuntun láti ibi tí Ford ti ń tò wọ́n níbẹ̀. Iṣẹ́ dínkù débi pé kò tó ilé-iṣẹ́ méjì jẹ mọ́. Wọ́n fẹnu kò pé kí E & L fi Louisville sílẹ̀ fún Dealers, kí Dealers náà fi àwọn ọ̀nà tirẹ̀ kan níbòmíràn sílẹ̀ fún E & L. Ṣùgbọ́n E & L ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú Dealers, ọ̀pọ̀ awakọ̀ rẹ̀ ló sì pẹ́ ju àwọn ti Dealers lọ. Bí wọ́n bá hun ìwé náà pọ̀, àwọn ti Dealers ni yóò kún ìsàlẹ̀, àwọn náà ni yóò sì pàdánù iṣẹ́, nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti bá kalẹ̀ tipẹ́.

Ẹ̀ka kan náà nínú ẹgbẹ́ Teamsters, Local 89, ló ń ṣojú àwọn méjèèjì. Àwọn ti Dealers ti gbọ́ lẹ́nu olórí ẹ̀ka náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ àpapọ̀ nílùú Detroit, ibòmíràn ni ẹgbẹ́ dúró sí, ìgbìmọ̀ sì pinnu pé kí wọ́n hun ìwé náà. Àwọn ti Dealers lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kentucky sì gbè sẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1964, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ náà padà nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Humphrey v. Moore. Adájọ́ Byron White tó kọ ìdájọ́ náà ṣàlàyé pé àdéhùn fún ìgbìmọ̀ lágbára láti pinnu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé aṣojú mẹ́ta láti Dealers wà níbi ìjókòó náà, wọ́n sì ráyè sọ tẹnu wọn. Ó ní bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ń bá ara wọn jà, òfin kò ní kí ẹgbẹ́ panu mọ́; ó lè gbe ẹnì kan tí kò bá ti fi ìkórìíra tàbí èrú ṣe é. Ohun tó mú ẹjọ́ yìí ṣòro gbọ́ fún ẹni tó bá ní àánú ni pé kò sí olè nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ wọn bí iṣẹ́, ẹ̀tọ́ tí wọ́n jọ ń tọrọ kò sì tó fún wọn.

Ìlà tó wà láàárín ìlú àti ọ̀nà jíjìn

Ọ̀nà mìíràn wà tí ìwé orúkọ fi ń dá ìjà sílẹ̀, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù máa ń pín awakọ̀ sí oríṣi méjì. Àwọn ti àárín ìlú ń kó ẹrù láti ilé ìtajà wá sí ibùdó, wọ́n sì ń gba owó wákàtí. Àwọn ti ọ̀nà jíjìn ń gbé e láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gba owó máìlì, owó tiwọn ló sì sábà máa ń pọ̀ jù. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé orúkọ tirẹ̀.

Ní ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ T.I.M.E.-D.C., ìlà yẹn bá àwọ̀ ara dọ́gba. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1971, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé e lọ sílé ẹjọ́, òṣìṣẹ́ 6,472 ló wà níbẹ̀, 314 nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nínú awakọ̀ ọ̀nà jíjìn 1,828, aláwọ̀ dúdú kò ju mẹ́jọ lọ, lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì gba àwọn mẹ́jọ náà. Àwọn tí orúkọ wọn jẹ́ ti Sípéènì kò ju márùn-ún lọ.

Ẹ wo bí ìwé orúkọ ṣe ti ilẹ̀kùn náà pa. Ká ní aláwọ̀ dúdú kan ti wa ọkọ̀ àárín ìlú fún ọdún 15, tí ilé-iṣẹ́ wá sọ lọ́jọ́ kan pé ọ̀nà jíjìn ti ṣí sílẹ̀ fún un. Bó bá sọdá, ọdún 15 náà ò bá a lọ. Ìdí ìwé ọ̀nà jíjìn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ọmọ aláwọ̀ funfun tí wọ́n gbà lóṣù tó kọjá, òun sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó lọ sílé bí ẹrù bá dínkù. Ọ̀pọ̀ ló dúró síbi tí wọ́n wà.

Òfin Ẹ̀tọ́ Aráàlú ti 1964 ti ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà lẹ́nu iṣẹ́ léèwọ̀, ṣùgbọ́n apá 703(h) nínú rẹ̀ dá ààbò bo ètò ipò àgbà tí wọ́n gbé kalẹ̀ láìsí ète láti ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Franks v. Bowman Transportation, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí wọ́n fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ̀ láti gbà síṣẹ́ ọ̀nà jíjìn ní ipò tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n tọrọ iṣẹ́ náà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé orúkọ tuntun á wọ àárín ìwé, àwọn kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni á sì sún sísàlẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1977, ẹjọ́ T.I.M.E.-D.C. parí. Adájọ́ Potter Stewart kọ ọ́ pé ẹ̀rí ẹlẹ́yàmẹ̀yà hàn gbangba, pé òdo tó wà nínú ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà ti tó láti sọ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò fọwọ́ kan ètò ipò àgbà fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lẹ́yìn tí òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1965 lè gba ipò tó tọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà kò ní ohunkóhun láti gbà. Adájọ́ Thurgood Marshall àti William Brennan kò fara mọ́ apá yìí, wọ́n ní ìdájọ́ náà yóò jẹ́ kí ìwà àtijọ́ máa jẹ èrè rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ wọn nítumọ̀: awakọ̀ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ní 1960 kò tíì dàgbà púpọ̀ ní 1977, ìwé orúkọ sì ṣì wà lára ògiri.

Yellow

Lẹ́yìn tí ìjọba ṣí ọjà ìkẹ́rù sílẹ̀ pẹ̀lú òfin 1980, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kógbá sílé. Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù Yellow wà lára àwọn tó kù. Ó ra ilé-iṣẹ́ Roadway ní 2003, ó ra ilé-iṣẹ́ USF ní 2005, ó sì da Yellow àti Roadway pọ̀ ní 2009. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ó bá da ibùdó pọ̀ ni ìwé orúkọ ń yí padà, tí awakọ̀ tó wà lókè nílùú rẹ̀ sì ń bá ara rẹ̀ láàárín. Ní 2022 ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, Holland, Reddaway àti New Penn pẹ̀lú, di ọ̀kan, láti ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Nígbà tó fẹ́ ṣe ìpele kejì ní 2023, ẹgbẹ́ Teamsters kò gbà fún un bó ṣe fẹ́.

Ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2023, ó sì sọ fún ilé ẹjọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ pé òun ò lè san gbèsè òun. Nǹkan bí 30,000 òṣìṣẹ́ ló pàdánù iṣẹ́, nǹkan bí 22,000 nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ipò àgbà kì í tẹ̀ lé èèyàn lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, torí náà ẹni tó ti lo 30 ọdún níbẹ̀, tó ti ń yan ìrìn tó wù ú, padà di ẹni tó ń dúró ti fóònù. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, XPO, ilé-iṣẹ́ akẹ́rù mìíràn, ra ibùdó 28 lára ti Yellow ní nǹkan bí 870 mílíọ̀nù dọ́là. Awakọ̀ Yellow tó bá ríṣẹ́ ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lè máa gba ẹnu géètì kan náà tó ti ń gbà láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ọjọ́ tuntun tó wọṣẹ́ ni wọ́n sì kọ síwájú orúkọ rẹ̀.