Bach kọ́ ló ṣẹ̀dá ohùn orin "O Haupt voll Blut und Wunden"

Bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá ti ń súnmọ́lé, tí ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi "O Haupt voll Blut und Wunden", orin nípa orí Jésù tí wọ́n fi ẹ̀gún dé ládé, dánra wò, ẹnìkan á ṣáà sọ pé, "Orin Bach nìyẹn." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọ orin dáadáa, títí kan àwọn tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Nínú ìwé orin olóhùn mẹ́rin, orúkọ Johann Sebastian Bach, olórin ará Jámánì, sábà máa ń wà lórí orin náà nítorí pé òun ló to áátò, tẹ́nọ̀ àti báàsì sábẹ́ ohùn tí gbogbo ìjọ ń kọ. Orúkọ kejì a máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn Hans Leo Hassler, àmọ́ ojú kì í dúró lórí rẹ̀.

Hassler ló ni ohùn orin yẹn. Ọmọ Nuremberg ní Jámánì ni, wọ́n bí i ní 1564, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ olórin Andrea Gabrieli ní Venice nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ní 1601, ó tẹ àkójọ orin àti ijó kan jáde, tó pè ní "Lustgarten". Orin olóhùn márùn-ún kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ "Mein G'müt ist mir verwirret". Orin ìfẹ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó ń kọ ọ́ ní ọkàn òun ti dàrú nítorí omidan kan, òun kò sì rí ìsinmi tọ̀sán-tòru. Ẹsẹ márùn-ún ló ní, bí a bá sì to lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan pọ̀, MARIA ni yóò jẹ́. Ìlù orin náà kò sì rí bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí: ó ń fò láti ìkà méjì sí ìkà mẹ́ta, ó fúyẹ́, ó fẹ́ jọ ijó. Ìjọ ló wá sọ ọ́ di ohun tó ń rìn jẹ́jẹ́, tí gígùn ohùn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti èkejì dọ́gba.

1685 ni wọ́n bí Bach. Orin náà ti wà nínú ìwé fún ọdún 84 kí ó tó dé ayé.

Ọ̀nà tó gbà wọ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló wù mí jù nínú ìtàn yìí. Hassler kú ní 1612. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ohùn orin rẹ̀ fara hàn nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Görlitz, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Christoph Knoll, "Herzlich tut mich verlangen", orin ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ikú rere, tí wọ́n máa ń kọ níbi ìsìnkú. Ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ fún olólùfẹ́ ti wà nínú ilẹ̀. Ní 1656, olórin Johann Crüger ní Berlin fi ohùn kan náà sí ọ̀rọ̀ tí pásítọ̀ Paul Gerhardt ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ìyẹn "O Haupt voll Blut und Wunden". Gerhardt fúnra rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí yọ láti inú ewì èdè Látìnì kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ti Bernard ti Clairvaux, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Arnulf ti Leuven, tó kú ní 1250, ni àwọn onímọ̀ gbé e fún báyìí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣí Ìwé Orin Mímọ́ wa mọ̀ pé ohùn orin àti ọ̀rọ̀ orin kì í ṣe ohun kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ C.M. tàbí 7s. 6s., àmì ìdiwọ̀n ìlà orin, sórí orin, kí olórin lè mọ ohùn tó bá a mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ará Jámánì. Orin tí Heinrich Isaac ṣe nípa ìdágbére fún ìlú Innsbruck di orin ìdágbére fún ayé, ẹnikẹ́ni kò sì bínú sí i. Àmọ́ àwọn kan gba ibẹ̀ lọ sínú àsọdùn, wọ́n ní ilé ọtí ni Luther ti ń kó ohùn orin ìjọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú orin Látìnì àtijọ́ àti orin ìjọsìn tó ti wà nílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti wá, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀dá wọn tuntun. Ti Hassler pàápàá kì í ṣe orin ọ̀mùtí, nítorí pé àwọn tó lè ka orin láti inú ìwé nìkan ló lè kọ ohùn márùn-ún yẹn pọ̀.

Kí wá ni Bach ṣe? Ó ṣe ohun tí mo rò pé ó ju kí èèyàn ṣẹ̀dá ohùn tuntun lọ. Nínú Ìjìyà Jésù gẹ́gẹ́ bí Mátíù ṣe kọ ọ́, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní Leipzig ní Ọjọ́ Ẹtì Rere 1727, ó pe orin yìí padà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Méjì àkọ́kọ́ jọra ní títò, key nìkan ló yàtọ̀, àmọ́ ó tún àwọn tó kù tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti àkọ́kọ́ wà ní key (ìpele ohùn tí àmì sharp àti flat ń fi hàn) tó ní sharp mẹ́rin, lẹ́yìn ìgbà tí Jésù sọ pé a ó lu olùṣọ́-àgùntàn. Èkejì ní flat mẹ́ta, lẹ́yìn tí Pétérù búra pé òun kò ní sẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta ní sharp méjì, nígbà tí Jésù dákẹ́ níwájú Pílátù. Ẹ̀kẹrin ní flat kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi adé ẹ̀gún dé e tí wọ́n sì gbá a lórí. Ìkarùn-ún kò ní sharp, kò ní flat, ó sì wọlé ní kété tí Jésù kú. Ẹ fetí sí báàsì àti tẹ́nọ̀ níbẹ̀: ohùn tí gbogbo ìjọ mọ̀ wà lókè bó ṣe wà, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ń yí, ó ń dun èèyàn lára.

Bach gbẹ́kẹ̀ lé e pé àwọn èèyàn mọ orin náà dáadáa. Ní Weimar, nínú kàǹtátà (orin ìsìn alápá púpọ̀) "Komm, du süße Todesstunde", ó jẹ́ kí dùùrù nìkan fọn ohùn yìí láìsí ọ̀rọ̀, nígbà tí ẹlòmíràn ń kọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nípa ikú tó dùn. Àwọn tó jókòó yóò ti máa fi ọkàn wọn ka ọ̀rọ̀ Knoll sí i. Ká ní ohùn tuntun ni Bach ṣẹ̀dá fún iṣẹ́ yẹn, ta ni ì bá gbọ́ ohun tó ń sọ?

Èyí ló mú kí n ṣọ́ra fún ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ nípa iṣẹ́ Kérésìmesì rẹ̀ ti 1734. Orin ìjọ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, "Wie soll ich dich empfangen", ohùn Hassler ló lò fún un, bẹ́ẹ̀ Crüger ti ṣe ohùn tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà ní 1653. Wọ́n ní Bach ń fi àgbélébùú han ọmọ ọwọ́ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn yìí kì í ṣe ti àgbélébùú nìkan nígbà yẹn: ti ìsìnkú ni, ti ìrònúpìwàdà ni, ti ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run ni pẹ̀lú. Bach sì tún gbé e wá sí ìparí apá kẹfà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní 1735, pẹ̀lú ìpè àti ìlù, níbi tí àwọn akọrin ti ń kéde pé ikú, èṣù, ẹ̀ṣẹ̀ àti ọ̀run àpáàdì ti di aláìlágbára pátápátá.