Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n so rédíò tuntun mọ́ ọkọ̀ yín

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ra ọkọ̀ tókùnbọ̀ wọ Ògbómọ̀ṣọ́, rédíò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pààrọ̀. Èyí tó bá ọkọ̀ wá lè jẹ́ ti kásẹ́ẹ̀tì, ó lè máa béèrè nọ́ńbà àṣírí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ó sì lè má gba Bluetooth. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni ọkọ̀ tí kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀, tí wọ́n so rédíò mọ́, tí kò wá stáàtì mọ́ láàárọ̀, tàbí tí fíúùsì rẹ̀ ń jó léraléra, tàbí tí èéfín ń yọ lábẹ́ dásíbọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í wọ́n níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mo bá tú dásíbọ́ọ̀dù, ohun kan náà ni mo sábà máa ń bá níbẹ̀: ẹni tó so ó wo àwọ̀ wáyà, kò yẹ iṣẹ́ tí wáyà ń ṣe wò.

Rédíò tuntun tí wọ́n ń tà lọ́jà, ì báà jẹ́ Pioneer, Sony, Kenwood tàbí ti Ṣáínà tí kò lórúkọ, àwọ̀ wáyà ẹ̀yìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Yẹ́lò ni ti bátìrì. Iná gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, torí òun ni rédíò fi ń rántí aago àti stéṣọ̀n tí ẹ ti yàn, òun náà ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí rédíò ń jẹ. Pupa ni ti kọ́kọ́rọ́. Iná ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ àfi tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ dé ACC, ojú ibi tí rédíò ti ń tàn láì tíì stáàtì ẹ́ńjìnnì. Dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń so mọ́ irin ọkọ̀. Búlúù ni ti eréálì, èyí tó bá jẹ́ búlúù tó ní ìlà funfun ló ń jí amplifier, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn. Aláwọ̀ ọsàn ni ti iná alẹ́. Mẹ́jọ tó kù, ti sípíkà ni, wọ́n ń rìn ní méjì-méjì: funfun fún iwájú lápá òsì, eérú fún iwájú lápá ọ̀tún, gíríìnì fún ẹ̀yìn lápá òsì, pọ́pù (purple) fún ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Èyí tó bá ní ìlà dúdú lára nínú méjèèjì ni nẹ́gẹ́tífù.

Àmọ́ rédíò ló ni àwọ̀ tí mo kà yìí. Ọkọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Camry tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy. Nínú rẹ̀, búlúù tó ní ìlà yẹ́lò ni iná bátìrì, eérú ni iná ACC, bíráùn ni ẹ́ẹ̀tì. Dúdú àti yẹ́lò inú ọkọ̀ yẹn, sípíkà ẹ̀yìn lápá òsì ló ni wọ́n. Pupa àti funfun, sípíkà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Kí ẹnì kan wá mú eérú ọkọ̀, kó lọ́ ọ mọ́ eérú rédíò torí pé àwọ̀ wọn bára mu: eérú ọkọ̀ ń gbé fóòtì 12 (12V), eérú rédíò sì jẹ́ ẹnu ibi tí ohùn ti ń jáde lọ sí sípíkà. Gbàrà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, iná bátìrì á ya wọ inú áísì (IC) tó ń ti ohùn jáde. Rédíò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí lè jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tó tà á ò sì ní gbà á padà.

Mítà ló lè sọ òótọ́. Tẹ́sítà oní-gílóòbù á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé iná wà, kò lè sọ iye rẹ̀ fún yín. Ẹ gbé mítà sí fóòtì DC, ẹ fi ẹnu dúdú rẹ̀ kan irin tí kò ní ọ̀dà, kẹ́ ẹ wá máa fi ẹnu pupa tọ́ wáyà ọkọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbé bíi fóòtì 12.6 nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ò sí nínú ọkọ̀, ti bátìrì nìyẹn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ACC: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iná, tí iná rẹ̀ tún lọ nígbà tí ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà, òun ni pupa rédíò ń wá. Ẹ tan iná iwájú, ẹ ó rí ti iná alẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tú bátìrì, ẹ gbé mítà sí ohm, tó ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́, èyí tó bá sún mọ́ òdo sí bọ́dì ni ẹ́ẹ̀tì.

Ti sípíkà ni mo fẹ́ràn jù. Wáyà méjì tó bá jẹ́ ti sípíkà kan náà á fi nǹkan bí ohm 3 sí 4 hàn láàárín ara wọn. Ẹ wá mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré, oní fóòtì 1.5, kẹ́ ẹ fi wáyà méjèèjì kàn án fìrí. Sípíkà kan á dún “pọ̀” nínú ọkọ̀, ẹ ó sì mọ ilẹ̀kùn tó ti dún. Tẹ́ ẹ bá ṣí àwọ̀n rẹ̀, ẹ wo bébà rẹ̀ dáadáa: tó bá yọ síta nígbà tẹ́ ẹ fi bátìrì kàn án, wáyà tó wà lórí pósítífù bátìrì ni pósítífù sípíkà. Tó bá sún wọlé, ẹ ti gbé e sódì. Àwọn kan á ní kò sóhun tó kan àwọn nínú ìyẹn torí pé sípíkà á ṣáà dún. Yóò dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá ń yọ tí èkejì ń wọlé, bẹ́ẹ̀sì á ṣòfò láàárín wọn. Èèyàn á ra sípíkà olówó ńlá, ìlù tó wà nínú orin á wá máa dún bí agolo.

Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni so nẹ́gẹ́tífù sípíkà mọ́ bọ́dì torí kí wáyà lè dín kù. Rédíò òde òní ń ti iná gba orí wáyà sípíkà méjèèjì, kò sí èyí tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì nínú wọn. Tí ọ̀kan bá kan irin, áísì yẹn náà ló máa jó.

Èyí tó ń kó àwọn onímọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ sí gbèsè bátìrì ni yẹ́lò àti pupa tí wọ́n lọ́ pọ̀. Ẹni tí kò rí ACC lára ọkọ̀ á kó méjèèjì sórí iná bátìrì. Rédíò á tàn, oníbàárà á sanwó, á lọ. Oníbàárà kan pè mí láti Under-G lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé: “Ọ̀gá rìwáyà, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló tún ti kú yìí o.” Mo dé ibẹ̀, mo tú nẹ́gẹ́tífù bátìrì, mo ki mítà sáàárín, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn, mo dúró kí ọkọ̀ sùn. Ọkọ̀ tó wà ní ìdákẹ́jẹ́ kò yẹ kó máa jẹ ju 50 milliamp lọ. Tiwọn ń jẹ ìdajì ámúpìà, ìyẹn 500 milliamp. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ sí àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó nǹkan bí ọgọ́ta wákàtí, ìdajì ámúpìà á sì ti kó 30Ah (ámúpìà lọ́nà wákàtí) lọ. Bátìrì 60Ah tó ti pàdánù ìdajì, ó máa ń ṣòro fún un láti yí ẹ́ńjìnnì, pàápàá tó bá ti lo ọjọ́. Rédíò Android olójú ńlá tó gbòde báyìí burú jù níbi tí wọ́n bá ti so pupa sódì, torí kọ̀ǹpútà ló wà nínú wọn, kò sì ní sùn.

Golf ní tirẹ̀. Nínú Golf 3 àti Golf 4, ojú ihò tí iná bátìrì àti iná ACC wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, wọ́n pààrọ̀ àyè fún ara wọn. Tẹ́ ẹ bá ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, rédíò á máa gbàgbé gbogbo stéṣọ̀n nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá pa ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ìsopọ̀ kékeré tó ṣeé yọ sára yẹ́lò àti pupa rédíò mìíràn. Ẹ yọ wọ́n, ẹ gbé wọn dábùú ara wọn, ó parí.

Ẹlòmíì á ní bí òun bá ti tẹ ẹ́ńjìnnì, rédíò á máa han “híín”, ìhan náà á sì máa ga bí ìtẹ̀ ṣe ń ga. Ariwo álítánétọ̀ ni, ẹ́ẹ̀tì tí kò dára ló sì sábà máa ń fà á. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti de dúdú rédíò mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, orí irin tí wọ́n kùn lọ́dà ni, tàbí sórí ìdè oníke. Ẹ há ọ̀dà náà kúrò títí irin á fi dán, kẹ́ ẹ fi bóòtù àti wáṣà fún un pinpin. Ẹ ó gbọ́ bí ohùn yẹn ṣe máa dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

FM tó ń họ yàtọ̀ síyẹn. Tí ẹ bá wà ní Tákíè, tí stéṣọ̀n Ajílété 92.1, tó wà ní Gámbàrí lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ń họ létí yín, ẹ wo wáyà búlúù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ní ẹ̀rọ kékeré lórí òrùlé tó ń fún eréálì lágbára, iná fóòtì 12 láti ọwọ́ rédíò ló sì ń lò. Tí ẹnikẹ́ni ò bá fún un ní iná, eréálì ò yàtọ̀ sí irin lásán.

Lórí ìsopọ̀: lílọ́ wáyà mọ́ra kí wọ́n wá fi téèpù dúdú wé e, kì í pẹ́. Oòrùn February máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù, títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ á sì fi gbogbo jìgìjìgì rẹ̀ tú èyí tó kù. Ẹ ní kí wọ́n fi léèdì (solder) jó o, kí wọ́n wá ki rọ́bà tó ń súnkì bọ̀ ọ́. Èyí tó tún sàn jù ni kẹ́ ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ọkọ̀ yín mu, wọ́n ń tà á ní Gate n'Íbàdàn, kí wọ́n so rédíò mọ́ ìyẹn lórí tábìlì, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀bẹ kan wáyà ọkọ̀ rárá. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ yín lọ́la á fẹ́ rí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ní pípé.

Fíúùsì tó wà lẹ́yìn rédíò sábà máa ń jẹ́ 10A tàbí 15A. Tó bá jó, ẹ wá ohun tó jó o. Ẹni tó bá fi bébà sìgá tàbí 30A dípò rẹ̀ ti sọ wáyà dásíbọ́ọ̀dù yín di fíúùsì. Tẹ́ ẹ bá sì ń fi amplifier kún un, kébù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní fíúùsì tirẹ̀ ní ìwọ̀n bí 45 sẹ̀ǹtímítà sí bátìrì, kó sì gba inú rọ́bà kọjá níbi tó ti ń la irin wọlé. Bí irin bá gé ara kébù tí kò ní fíúùsì, bátìrì á da gbogbo agbára rẹ̀ sójú kan, ọkọ̀ sì lè gbiná.

“50W x 4” tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ má tìtorí rẹ̀ ná owó. Ohun tí rédíò lásán lè gbé déédéé lójú sípíkà kan wà láàárín wáàtì 15 sí 22.

Bí wọ́n bá parí, ẹ dúró tì wọ́n kí wọ́n tó ti dásíbọ́ọ̀dù. Ẹ gbé ohùn lọ síwájú lápá òsì nìkan, lẹ́yìn náà ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn méjèèjì, kẹ́ ẹ gbọ́ pé ibi tí rédíò ní òun wà ló wà. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́: ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kú. Ẹ tún ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ yí i: aago gbọ́dọ̀ ṣì pé. Ẹ wò bóyá iná airbag ń tàn lójú dásíbọ́ọ̀dù, torí wáyà tó wà nínú páìpù yẹ́lò lábẹ́ ibẹ̀ jẹ́ ti airbag, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Tó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tuntun díẹ̀, tí rìwáyà fi mítà wá ACC títí tí kò rí i, ó ṣeé ṣe kó má sí níbẹ̀ rárá. Orí wáyà tí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni ọkọ̀ mìíràn ti ń sọ fún rédíò pé kó tàn. Ẹ ní kó dáwọ́ dúró, kó kó gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe bá a, títí ẹ ó fi rí adapter tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yẹn rà.