Kí Ẹ Tó Wọ Igbó Omo

Ìrìn ìdajì ọjọ́ nínú igbó ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n á ní, "A ò kúkú fẹ́ sùn síbẹ̀, aago kan ọ̀sán la ó ti jáde." Torí bẹ́ẹ̀, sálúbàtà ni ẹlòmíì máa wọ̀ wá, pẹ̀lú ìgò omi kékeré kan lọ́wọ́. Èmi tí mò ń mú èèyàn wọ igbó Omo, ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn, mo mọ̀ pé ìrìn wákàtí mẹ́rin níbẹ̀ le ju ìrìn ọjọ́ kan lọ lójú títì. Kì í ṣe pé ọ̀nà jìn. Ooru abẹ́ igi ni. Atẹ́gùn kì í fẹ́, ọ̀rinrin ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn ń ṣàn ṣùgbọ́n kì í gbẹ. Bẹ́ẹ̀, gbígbẹ òógùn ló ń mú kí ara tutù.

Igbó ńlá ni o. Láti 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀, ó sì lé ní 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin. Erin ṣì wà nínú rẹ̀ títí dòní.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ múra fún. Bàtà òjò onírọ́bà táwọn àgbẹ̀ kòkó ń wọ̀ dára ju kánfáàsì olówó ńlá lọ, torí ẹrẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ tuntun, ẹ ti fi rìn fún ọjọ́ mélòó kan nílé kí ẹ tó gbé e wá. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, kí ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú rẹ̀. Ẹ fi jíìnsì sílé: tó bá ti rin, á wúwo, á sì máa bó itan. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìbọ̀sẹ̀ ni ìjàlọ. Ẹ ó rí wọn bí okùn dúdú tó ń mì lórí ilẹ̀, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, tí àwọn tí orí wọn tóbi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n la ẹnu sókè. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá, ẹ má dúró. Ẹ̀gbọ́n kan dúró ya fọ́tò wọn lójú mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀," àmọ́ ìjàlọ ti dé itan wọn kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Apá gígùn ni kí ẹ̀wù yín ní, nítorí wèrèpè. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, èso rẹ̀ á gbẹ, irun ara rẹ̀ á sì máa fò. Bó bá kàn yín, ẹ má họ ọ́, ẹ má sì fi ọwọ́ yẹn kan ojú. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibẹ̀, kí ẹ fà á kúrò, irun náà á bá a jáde. Sẹ́lótéèpù kì í wọ́n lápò mi.

Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Ẹ mú ORS kan dání, ìyẹn ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu, kí ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Ẹ mú ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ má fín lọ́fíńdà.

Ejò kì í wá èèyàn kiri. Ṣùgbọ́n ọká máa ń sùn sórí ewé gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí ti ewé náà. Ẹ máa wo ibi tí ẹ ń tẹ̀. Bí ejò bá bu èèyàn ṣán, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kí ibẹ̀ tó wú, ẹ fi igi àti aṣọ de ẹsẹ̀ náà kó má mira, kí ẹ gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, nítorí náà, kí ẹ tó gbéra ni kí ẹ ti bi amọ̀nà yín ibi tó wà. Ẹ tún sọ fún ẹnì kan nílé aago tí ẹ ó jáde. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nínú igbó.

Aago méje àárọ̀ ni mo fẹ́ kí a ti máa rìn, ká lè jáde kí òjò ọ̀sán tó dé. Bí ààrá bá ń sán, ẹ má sá sábẹ́ igi ńlá.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ wo abẹ́ apá, ẹ̀yìn orúnkún àti ojú abẹ́ dáadáa bóyá eégbọn wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ ara, kí ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti London tàbí Houston, ẹ má sọ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti bí yín, pé ibà ò lè ṣe yín ní nǹkan. Agbára tí ara ní sí ibà máa ń dín kù béèyàn bá pẹ́ lókè òkun. Ẹ gba oògùn ibà lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ sì lò ó títí dé ọjọ́ tó ní kí ẹ lò ó dé. Bí ara yín bá gbóná láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ padà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ẹ wọ igbó ní Nàìjíríà.